Tíkẹ́ẹ̀tì Oníhò Méjì

Bí fóònù mi bá dún lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, mo ti máa ń rò pé ẹnì kan ti kú. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ọkọ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, á ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù bíbà ni ìjọba ń san owó oṣù lé lórí, èmi ni ǹ bá jẹ́ ọ̀gá àgbà níléeṣẹ́ wa. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi kì í kúrò lára ọmọ tó ń gun àga. Kí èèyàn máa ṣọ́ra ló dáa, torí aburú kì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé ní Kuje, lẹ́bàá Abuja, ẹ̀rù mi tún rí iṣẹ́ tuntun ṣe. Bàbá, ọkọ wọn, ti papò dà, ọkọ mi sì ní kò yẹ kí ìyá òun máa dá gbé ilé ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ilé ńlá yẹn kì í dá páropáro rárá. Láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn á ti máa yà: àwọn ìyá ìjọ, àwọn tó wá fa omi kànga, ẹni tó kàn ń kọjá lọ tó ní kí òun kí wọn. Bí àlejò bá fẹ́ máa lọ, Màmá á dìde, wọ́n á sìn ín dé ìdí igi máńgòrò. Ọ̀rọ̀ á dùn, wọ́n á sìn ín dé títì. Àlejò náà á ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé òun jẹ́ kí Màmá dá padà, á tún sìn wọ́n bọ̀ wá sílé. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná.

Lọ́dọ̀ wa ní Kuje, kò sí ẹni tó ń yà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, èmi àti ọkọ mi ti wà lójú ọ̀nà, à ń lọ síbi iṣẹ́ nínú ìlú. Àwọn ọmọ á ti lọ sílé ìwé. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, àmọ́ wọn kì í fẹ́ sọ ọ́. Màmá á ní, "Ṣé ẹ jí ire, ọkọ mi?" wọ́n á ní, "Yes, Grandma." Ó di alẹ́ kí ọ̀rọ̀ míì tó tún pa wọ́n pọ̀.

Kò tíì pẹ́ tí Màmá dé tí wọ́n jáde lọ wá ẹni tó ń ta ata, ni wọ́n bá ṣìnà. Àwọn ilé àdúgbò wa jọra, géètì dúdú ni gbogbo wọn ní. Télọ̀ kan ló mú Màmá wálé, òógùn ti bo ojú wọn. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ti géètì láti ìta, tí mo sì ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́. Màá gbé oúnjẹ sínú fúláàsì, màá tan tẹlifíṣọ̀n sí ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, màá ní, "Ẹ máa sinmi, Mà." Ọkọ mi ní mo gbọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jọ ń já ẹ̀fọ́, Màmá ní, "Ìyàwó, nígbà tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Kuje ni mò ń lọ, díákónì wa kan lanu sílẹ̀. Ó ní ṣé kò sí o, ó ní ṣebí ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀. Mo ní rárá o, ilé ọmọ mi ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún ti géètì.

Màmá kì í tọrọ nǹkan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí nípa rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀kan ń rìn láti ìdí pápá ọkọ̀ òfúrufú lọ sí àárín ìlú. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti wọ irú rẹ̀ ní Òṣogbo lọ́mọge, àwọn ò tún fojú kàn án mọ́. Ọkọ mi ní kí n má dán an wò. Ó ń lọ sí Lọ́kọ́ja fún iṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní kí n jẹ́ kí òun dé.

"O mọ ara ẹ," ló wí. "Ẹ̀rù á ti pa ẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ibùdókọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Bó ṣe di àárọ̀ Sátidé, tí mọ́tò rẹ̀ ti lọ, mo fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa, mo ní kí Màmá wọṣọ. Mo ní kí wọ́n fi fóònù wọn sílẹ̀ nílé, kí olè má baà já a gbà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ni mo rà fún wa, èyí tó wà fún àlọ kan àti àbọ̀ kan. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì ibùdókọ̀ ní irin kékeré kan lọ́wọ́ tó fi ń lu ìwé náà níhò: ihò kan nígbà àlọ, ihò kejì nígbà àbọ̀. Bí ihò bá ti pé méjì, ó parí. Màmá yẹ tiwọn wò, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

"Títí dìgbà wo ni wọ́n máa gbà á?"

"Ti òní ni, Mà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kò wúlò mọ́."

Mi ò sọ̀rọ̀ ihò. Ojú mi wà lára àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti pèpéle tí èrò ń dúró sí, mò ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ Màmá lè kó sí i. Màmá so ìwé náà mọ́ etí ìró wọn, wọ́n dì í ní kókó.

Àlọ dára, àbọ̀ náà dára. Èmi nìkan ni mi ò gbádùn ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá mì, màá di apá Màmá mú. Bí ẹnì kan bá dìde, màá fa báàgì mi mọ́ra. Màmá ń kí gbogbo ẹni tó wọlé, "Ẹ kú ìrìn o." Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn kan gbójú padà sórí fóònù. Bàbá kan ní, "Sannu, Mama." Màmá dá a lóhùn pé, "Sánnu o, Bàbá," inú wọn sì dùn bí ẹni tó ti ń sọ Hausa láti kékeré. Nígbà tí a dé àárín ìlú, a rìn díẹ̀, a mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a tún wọ ọkọ̀ padà.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nídìí pápá ọkọ̀ òfúrufú, mo mí kanlẹ̀. Mo ní ó ti parí, Ọlọ́run ṣeun. Ó ku kí a rí mọ́tò Kuje. Oòrùn ń ta gan-an, mi ò sì fẹ́ kí Màmá dúró láàárín àwọn awakọ̀ tó ń pariwo, ni mo bá fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, lábẹ́ òrùlé. Obìnrin kan ti wà níbẹ̀ tó da ìborùn bojú. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ má kúrò níbí o, Mà. Mò ń bọ̀."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"

Awakọ̀ àkọ́kọ́ ní òun ò ní lọ àfi bí mọ́tò bá kún. Èkejì ní mọ́tò òun ti kún. Mo wo inú ẹ̀, àpò ìrẹsì kan ló jókòó síbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kí èmi àti ẹnì kẹta tó sọ ọ́ yanjú. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn mi, mi ò kọbi ara sí i. Nígbà tí mo padà síbi bẹ́ǹṣì, kò sí ẹnì kankan lórí ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ sáré lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo kan gbogbo ilẹ̀kùn. Mo sáré jáde, mo wo abẹ́ igi, mo wo ìdí àwọn tó ń ta omi. Mo pe "Màmá!" tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí fi yíjú wò mí. Mo wá rántí ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì.

"Mama wey tie white gele?" ló wí. "She don enter train. Dem say she dey escort her sister."

"Which sister?"

Màmá kò ní ẹ̀gbọ́n, wọn kò ní àbúrò, ní Abuja tàbí níbòmíì. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ kí wọ́n wọlé, ṣebí tíkẹ́ẹ̀tì wọn ti parí. Ó fọwọ́ kan ẹnu. Ó ní òun rí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Màmá lóòótọ́, pé òun ò wò ó dáadáa, nítorí ìyá àgbà ni. "Madam, no vex." Ọkọ̀ náà ti lọ, òmíràn tó ń lọ síhà ìlú kò ní í dé kíákíá. Ó gbìyànjú láti pe ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé e. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ awakọ̀ kẹta yẹn, mo ní kó gbé mi ní dírọ́ọ̀pù, kó má gbé ẹlòmíì, kó máa lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin tó tẹ̀lé èyí. Ó ní ṣebí Kuje ni mo wí. Mo ní kó jọ̀ọ́, ìyá ọkọ mi ló sọnù. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kai!" ló wí, ó sì ju àpò ìrẹsì tí awakọ̀ kejì ti gbé kalẹ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ọ̀nà yẹn. Kò jìn, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi mo ti sin Màmá kí a tó débẹ̀. Mo rí wọn tí wọ́n ṣubú sáàárín ọkọ̀ àti pèpéle. Mo rí wọn tí ọkọ̀ gbé wọn kọjá, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè wọn, tí wọ́n ń rìn lọ lẹ́bàá títì nínú oòrùn. Ẹ̀jẹ̀ wọn a máa ru. Oògùn ọ̀sán wọn wà nínú báàgì mi, èmi ni mo gbé e, kí ó má baà sọnù. Fóònù wọn wà nílé. Gbogbo ohun tí mo fi dènà ewu ló wá di ewu fún wa.

Fóònù tèmi dún. Ọkọ mi ni. Mi ò gbé e. Ó tún dún. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé mo fi ìyá rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì bí ẹrù, mo sì lọ wá mọ́tò? Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó ń pè lójoojúmọ́ láti béèrè bóyá Màmá ti jẹun. Ìyàwó tó gbé ìyá wa sọnù. Orúkọ tí mo máa jẹ́ títí láé nìyẹn, wọ́n á sì máa fi mí júwe fún àwọn ìyàwó tuntun.

Awakọ̀ náà ń wò mí nínú dígí. "Hajiya, a yi hakuri," ló ń wí, pé kí n ṣe sùúrù. Èmi kì í ṣe Hajiya, àmọ́ mo dúpẹ́ pé, "Yauwa, na gode." Mo ń gbàdúrà, àdúrà náà kò gùn ju "Jésù, jọ̀ọ́" lọ.

Ibùdókọ̀ náà wà nínú pápá, koríko ló yí i ká. Mo ti ń pe Màmá kí mọ́tò tó dúró. Ẹṣọ́ tó wà níbẹ̀ kàn fọwọ́ júwe, mo sì wọlé lọ sórí pèpéle.

Wọ́n wà níbẹ̀. Màmá jókòó sórí àga gígùn kan nínú ibòji, gèlè funfun wọn kò yẹ̀. Obìnrin tó da ìborùn bojú lẹ́ẹ̀kan ló jókòó tì wọ́n, ìyá àgbà lòun náà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lápá kejì ni obìnrin kan wà tó wọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Mo di òpó kan mú.

"Na you get Mama?" ni obìnrin aláṣọ iṣẹ́ náà bi mí. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ló ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀. Màmá tú kókó ìró wọn, wọ́n mú tiwọn jáde, wọ́n fún un tọwọ́tọwọ́, ihò méjì ló wà lára ẹ̀. "I tell Mama say this one don complete. She just dey greet me." Ó ní òun ò lè fi ìyá àgbà sílẹ̀ lójú kan, ni òun fi bá wọn sọ̀kalẹ̀, kí ẹni tó ni wọ́n tó dé. Ó wá nàka sí ìyá kejì. "This one, her own never finish. I say make she dey go. She no gree."

Ìyá náà gbé ojú sókè. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọ́n ń ta ọṣẹ dúdú àti òrí lọ́jà kan nínú ìlú.

"Má bínú, ìyàwó," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo fà á. Ọmọ mi obìnrin ló wọ bàálù lónìí, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ lókè òkun. Mo sìn ín débì kan, wọ́n ní kí n má kọjá ibẹ̀. Mo wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹkún ò jẹ́ kí n ríran. Ìyá yín ló bi mí pé kí ló dé. Nígbà tí ọkọ̀ mi dé, wọ́n ní ẹni tó ń sunkún kì í dá lọ, wọ́n á sìn mí dé ibùdókọ̀ kan, wọ́n á sì padà. Mo ní tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọ́n ní ó wà lọ́wọ́ àwọn, pé ti gbogbo òní ni."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin náà fi sọ̀kalẹ̀, Mà? Ṣebí tiyín ò tíì parí."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹni tó ń sìn mí ni wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀. Kí n wá máa lọ?"

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ti kúrò lára mi, ìbínú ló máa ń gba ipò rẹ̀. Mo yíjú sí Màmá. Ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ mi wí ló jáde lẹ́nu mi.

"Mà, ṣebí mo ní kí ẹ má kúrò níbẹ̀!"

Màmá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà wọn.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́," ni wọ́n wí. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ọmọ mi. Mi ò ní jáde mọ́. Mo ṣèlérí. Mi ò ní jáde mọ́."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, èmi ni mo máa ń kúnlẹ̀, èmi ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá tí gbogbo àdúgbò ń yà lọ́dọ̀ wọn ló pa ọwọ́ pọ̀ sí mi níwájú àlejò yìí, bí ọmọ tó fọ́ àwo. Mo ti ń rò láti àárọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba èmi nítorí Màmá. Màmá wọ ọkọ̀ láìbẹ̀rù, wọ́n kí obìnrin aláṣọ iṣẹ́ láìbẹ̀rù, wọ́n jókòó sínú pápá láìbẹ̀rù. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni ẹ̀rù mi bà wọ́n.

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "Ẹ má bẹ̀ mí mọ́, Mà. Ẹ dákun." Ìyá Ọ̀yọ́ fa apá mi sókè, wọ́n ní ilẹ̀ gbóná, kí n dìde. Mo mú oògùn ọ̀sán jáde nínú báàgì, mo bá Màmá ṣí omi, wọ́n mu ún. Wọ́n mu ún kíá, wọ́n sì fún mi ní ìgò náà padà bí ẹni tó fẹ́ kí n rí i pé àwọn gbọ́ràn.

A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ ìlú fi fọn fèrè, tó yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá Ọ̀yọ́ kó ẹrù wọn, wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Ó dàbọ̀ o, ìyá. Ọlọ́run á jẹ́ kí a tún pàdé." Ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà wọlé kò jìn sí wa rárá.

Màmá kò dìde. Wọ́n di etí àga mú, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ń wo ẹnu mi.

"Ẹ lọ sìn wọ́n, Mà," ni mo wí.

Wọ́n kọ́kọ́ wò mí dáadáa, bóyá mo ń dán wọn wò ni, kí wọ́n tó dìde.